Èsì: Greenback méjì kò lè gbé wáàtì 100

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá amplifier Marshall yín, onítúùbù 100 wáàtì, lè bá àpótí tó ní sípíkà gìtá Celestion Greenback méjì nínú ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Wáàtì 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà, àpapọ̀ 50; tẹ́ ẹ bá yí amplifier náà sókè gan-an, sípíkà lè jó. Mẹ́rin á dé 100 géérégé, àmọ́ kò fi àyè sílẹ̀ rárá. Èmi á mú G12T-75 mẹ́rin, sípíkà Celestion mìíràn tó ń gba wáàtì 75 lọ́kọ̀ọ̀kan: 300 wáàtì, ọkàn mi á balẹ̀.

Ẹ tún wo ohm, ìyẹn òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná. Bí àpótí bá jẹ́ 16, ẹ yí bọ́tìnnì ohm tó wà lẹ́yìn amplifier sí 16. Wáyà sípíkà gan-an ni kẹ́ ẹ fi so amplifier àti àpótí pọ̀, kì í ṣe wáyà gìtá. Ẹ ṣáà má lu gìtá sínú amplifier náà láìsí àpótí lára rẹ̀, torí transformer rẹ̀ lè jó.