Ọjọ́ orí kan náà, ọgbọ́n ò dọ́gba: báwo ni mo ṣe máa kọ́ wọn pọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 13. Àwọn kan ń bá mi jiyàn bí àgbàlagbà. Àwọn mìíràn, bí bírò wọn bá sọnù, ẹkún ni. Tí mo bá rọ ẹ̀kọ́ fún àwọn kan, àwọn kan á máa yán. Tí mo bá mú un le, ìdajì kíláàsì á sọnù. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, olùkọ́. Ojú yín ò tàn yín jẹ. Ọdún 8 sí 13 ni ìbàlágà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọbìnrin, 9 sí 14 lára ọmọkùnrin. Ọmọ méjì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, kí ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó yín, kí ti èkejì má tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà ni pé gíga la fi ń wọn ọgbọ́n. Èmi náà jẹ̀bi. Mo fi ọmọ tó ga jù ṣe olórí ẹgbẹ́ fún odidi táàmù kan, láìmọ̀ pé ọmọ kékeré kan tó jókòó tì í ló ń pín iṣẹ́ fún wọn. Apá ọpọlọ tó ń kó èèyàn níjàánu kì í gbó tán títí èèyàn á fi tó nǹkan bí ọdún 25. Ohùn tó ti kẹ̀ kò sọ ọmọ di àgbà.

Nítorí náà, ẹ má pín wọn sí olóye àti olódo. Ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa lè ṣì máa bínú bí ìkókó. Ẹ̀kọ́ kan náà ni kí ẹ kọ́ gbogbo wọn, ẹnu ọ̀nà ni kó yàtọ̀.

Ẹ wo 3x + 2 = 14. Jean Piaget, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, ní láti bí ọdún 11 tàbí 12 ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í lè ronú lórí ohun tí kò ṣeé fọwọ́ bà, àmọ́ gbogbo wọn kọ́ ló ń débẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mo máa ń da ojú ife mẹ́ta dé, òkúta wẹ́wẹ́ iye kan náà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì sì wà níta. "Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14. Mélòó ló wà lábẹ́ ife kan?" Wọ́n á yọ méjì kúrò, wọ́n á pín 12 tó kù sọ́nà mẹ́ta: mẹ́rin. Ẹni tí kò mọ x tẹ́lẹ̀ ti rí i sójú.

Àwọn tó ti ń yán ńkọ́? Mo máa ń bi wọ́n pé: "3x + 14 = 2, ẹ fi ife ṣe é fún mi." Wọ́n á gbìyànjú, wọ́n á rojọ́, títí ẹnì kan á fi pariwo pé òkúta ò lè dín ní òdo. Ó parí! Ìjiyàn tó ń dà yín láàmú yẹn ti rí iṣẹ́ ṣe.

Ní ti ẹlẹ́kún, ẹ fún un ní bírò, kí ẹ má ṣe dá a lóhùn lójú àwọn yòókù.

Kí aago tó lù, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo lórí ewé ìwé. Ìdáhùn wọn ni kí ẹ fi to ẹgbẹ́ ọ̀la, kí ẹ sì tún un tò lọ́túnla.