Bá a ṣe yanjú ọ̀rọ̀ ìpè fóònù ní ọ́fíìsì tá a jọ ń lò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀yin mẹ́jọ lẹ jọ ń lo yàrá kan, pé bàbá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń pariwo sórí fóònù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ ra headphone olówó ńlá ni tàbí kí ẹ kó kúrò. Mo ra headphone yẹn, ó sì kù díẹ̀ kí n kó kúrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe fún àwọn oníṣòwò. Tábìlì kan ni mo gbà ní Yaba, nínú yàrá tí àwa mọ́kànlá wà. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn fèrèsé wa látàárọ̀, kò dí mi lọ́wọ́ rí. Ẹni tó dí mi lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń bá èèyàn ta ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ń tẹ iye tí oníbàárà mi fẹ́ san fún ọjà sínú kọ̀ǹpútà, ₦560,000. Ẹ̀gbọ́n ń ka nọ́ńbà àkáǹtì fún ẹnìkan lọ́wọ́ kan náà: "Síìsì, fáìfù, síírò... ṣé ẹ ti kọ ọ́?" Ni ọwọ́ mi bá tẹ ₦650,000. Mi ò rí i títí wọ́n fi san owó náà. ₦90,000 tó lé yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi bẹ ẹni tó gbà á kó tó dá a padà, oníbàárà náà ò sì gbéṣẹ́ fún mi mọ́.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọ̀rọ̀ inú ariwo ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju ariwo fúnra rẹ̀ lọ. Èdè tí èèyàn bá gbọ́, kò lè ní kí etí òun má gbọ́ ọ. Ti fóònù tún burú sí i, torí apá kan ṣoṣo lẹ máa ń gbọ́. "Hẹ̀n-ẹ́n? Èló ló ní? Irọ́ ni!" Ọkàn yín á fiṣẹ́ sílẹ̀, á máa wá ohun tí ẹni ọ̀hún sọ. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cornell l'Amẹ́ríkà dán an wò, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2010: ìdajì ọ̀rọ̀ lórí fóònù ń da èèyàn láàmú ju ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ tọ̀tún-tòsì lọ.

Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ lórí headphone tó ń pa ariwo. Ohùn tó ń dún gbọọrọ lójú kan náà ló mọ̀ ọ́n pa jù, bíi jẹnẹrétọ̀ àti fáànù. Nígbà tí mo tan tèmi, jẹnẹrétọ̀ pa rẹ́, ohùn ẹ̀gbọ́n wá mọ́ kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Àṣé jẹnẹrétọ̀ ló ti ń bá mi bò ó mọ́lẹ̀. Fóòmù kékeré tí wọ́n fi ń dí etí ràn mí lọ́wọ́ jù ú lọ, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Àṣìṣe mi tó burú jù ni pé mo fi ìbínú sọ̀rọ̀ níṣojú gbogbo èèyàn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ariwo yín ti pọ̀ jù!" Ó gbé fóònù kúrò létí, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé èmi lò ń bá wí, ìwọ ọmọ yìí?" Ọjọ́ mẹ́wàá ni kò fi jẹ́ mi ní kíkí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọfà ni mo fẹnu ara mi yọ.

Ìgbà tí mo padà lọ bá a, òwúrọ̀ kùtù ni, kí àwọn yòókù tó dé. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo wá tẹ́ ìwé ọjà ọ̀hún síwájú rẹ̀, mo fìka tọ́ka sí 560 àti 650. Ó wò ó pẹ́. "Nítorí tèmi?" Ó ní òun ò mọ̀ pé ohùn òun ń dé ọ̀dọ̀ mi, òótọ́ ló sì sọ. Earpiece tó ń dí etí méjèèjì ló ń lò, kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ tún ń fi kún un: láti 1911 ni Lombard, oníṣègùn etí ará Faransé, ti ṣàlàyé pé èèyàn máa ń gbé ohùn sókè láàárín ariwo láìmọ̀. Mo ní kó yọ ti etí kan, kó wá pè. Kíá lohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló lọ gba yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti bàjẹ́ sí lọ́wọ́ alábòójútó. A gbé fóòmù ibùsùn méjì ti ògiri, a ta kọ́tìnì tó nípọn, síbẹ̀ ohùn ń jáde, àfi ìgbà tá a ki àkísà sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbà, ohùn á gbà á. Ìpè tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú méjì, inú ibẹ̀ la ń gbé e lọ. A ò sì ka nọ́ńbà àkáǹtì sókè mọ́, a máa ń fi ránṣẹ́ ni. Gbogbo yàrá ló ti mọ àkáǹtì àwọn oníbàárà ẹ̀gbọ́n, ìyẹn náà léwu.

Ẹ lọ bá bàbá yẹn nígbà tí kò sí lórí fóònù, ẹ mú ohun tí ẹ máa fi hàn án dání. Bí kò bá gbà, ẹ sọ fún alábòójútó. Bí ọ́fíìsì yín ò bá ní kọ̀rọ̀ kankan tí èèyàn lè gbé fóònù lọ, tí wọn ò sì fẹ́ wá ọ̀kan, ẹ kó kúrò níbẹ̀.