Ọmọ mi máa ń gé àbúrò rẹ̀ jẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, kì í sọ ohun tó ń bí i nínú. Kó sọ bàtà lu àbúrò rẹ̀ tàbí kó gé e jẹ ló mọ̀. Mo nà án títí, kò gbọ́. — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ gbé pàṣán sílẹ̀ ná. Ọmọ yín mọ̀ pé inú ń bí òun. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́ ni kò tíì ní.

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Òṣogbo, ọmọbìnrin kan máa ń fa ìwé ẹlòmíràn ya. Mo fún un ní èédú àti páálí. Ó tẹ èédú náà títí ó fi ṣẹ́. Ó ya ohun róbótó dúdú kan, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i. N kò bi í pé “Kí lèyí?” Mo ní, “Sọ ìtàn rẹ̀ fún mi.” Ó ní, “Ajá ni. Inú mi ló ń gbé. Wọ́n gba oúnjẹ rẹ̀.” Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àwọn kan ń gba àkàrà rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó dùn mí gan-an.

Fún ọmọ tó ń ju nǹkan, amọ̀ ni mo fẹ́ràn jù: ó ṣe é gbá, ó ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kí ara ọmọ náà rọ̀ kí ẹ tó gbé amọ̀ fún un. Ẹ bi í pé, “Níbo lára rẹ ni ìbínú náà wà?” Ẹ má sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ rẹwà tàbí kò rẹwà. Tó bá tún fẹ́ géni jẹ, ẹ dì í mú, ẹ ní, “Inú lè bí ọ, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ gé àbúrò rẹ jẹ.” Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó tì í, kí ẹ̀yin náà bu amọ̀ díẹ̀, kí ẹ fi mọ ìbínú tiyín.