Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí kò dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Texas

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ lọ́yà, ẹ gbà wá. Àbúrò mi ọkùnrin ti lo ọdún mẹ́fà nínú ẹ̀wọ̀n ogún ọdún tí wọ́n dá fún un ní Texas lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè. Ọkùnrin kan tó ń gbé Houston sọ pé òfin kan tí Trump fọwọ́ sí, First Step Act, ti gé ẹ̀wọ̀n gbogbo èèyàn sí ìdajì. Ó ní tí a bá san 4,500 dọ́là, òun á bá wa kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀, àbúrò mi á sì jáde kí ọdún yìí tó parí. Ìyá wa ti fẹ́ ta ilẹ̀. Ṣé ká san án? Wọ́n tún ní ooru ń pa wọ́n níbẹ̀, ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀ bó ṣe wà. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi. Iye owó ló ń yàtọ̀, irọ́ kan náà ni. Ó sì ń bí mi nínú gan-an, nítorí àwọn tó ń pa irọ́ náà mọ̀ pé ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ san owó. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni pé, ẹ̀wọ̀n ta ni àbúrò yín wà? First Step Act wà lóòótọ́. Trump fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ló sì jọ dìbò fún un. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ bá rán lẹ́wọ̀n nìkan ló kàn. Òfin Texas ni wọ́n ní àbúrò yín rú, adájọ́ Texas ló dá a lẹ́jọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n Texas ló sì wà. Ẹ wo nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi dáadáa. Ti ìjọba àpapọ̀ máa ń jẹ́ nọ́ńbà márùn-ún, wọ́n á fa ìlà kékeré kan, kí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ti àbúrò yín kò ní ìlà kankan láàárín, lẹ́tà TDCJ ló sì wà níwájú rẹ̀. TDCJ yẹn ni ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ Texas. Fọ́ọ̀mù First Step Act kankan kò sí fún irú ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀, àfi èyí tí ọkùnrin yẹn bá jókòó sílé rẹ̀ tẹ̀ jáde.

Mo mọ ìdí tí irọ́ yìí fi ń wọ àwọn èèyàn wa létí. Ní Nàìjíríà, ọwọ́ Àbújá ni gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n ti wà látọjọ́ pípẹ́; ọdún 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe kí ìpínlẹ̀ náà lè ní tirẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sínú ìyẹn á rò pé tí ààrẹ Amẹ́ríkà bá ti sọ̀rọ̀, gbogbo wọ́dà ló gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ àádọ́ta ló wà níbí, kálukú ló ní òfin ọ̀daràn tirẹ̀, adájọ́ tirẹ̀ àti ẹ̀wọ̀n tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì tún dá tirẹ̀ ní. Àwọn tí ẹjọ́ wọn ti parí tí wọ́n ń ṣẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.2. Nínú wọn, bíi 150,000 ló wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ ló ni ìyókù, òfin 2018 yẹn kò sì kan ìkankan nínú wọn.

Àwọn tó kàn pàápàá, kò gé ẹ̀wọ̀n wọn sí ìdajì. Ẹni tó bá hùwà dáadáa lè rí ọjọ́ 54 gbà lórí ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dá fún un. Tó bá tún ń lọ sí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n là kalẹ̀, ọjọ́ 10 sí 15 lè kún un fún ọgbọ̀n ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Òfin náà yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú èyí kejì yìí, ẹni tí wọ́n bá sì ti pàṣẹ pátápátá pé kí wọ́n dá padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò lè lo àwọn ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà mélòó ni wọ́n sọ ìyẹn fún kí wọ́n tó gbowó wọn?

Tí ẹlòmíì bá tún wá sọ pé kí ẹ bẹ Ààrẹ fún ìdáríjì, ààrẹ kò lágbára láti dárí ẹ̀ṣẹ̀ ìpínlẹ̀ ji ẹnikẹ́ni. Gómìnà Texas gan-an kò lè dá a ṣe, àfi tí ìgbìmọ̀ ìdáríjì àti páróòlù ìpínlẹ̀ náà bá kọ́kọ́ dábàá rẹ̀.

Páróòlù ni ọ̀nà tó wà fún yín, ìyẹn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n máa gbé ìta lábẹ́ ìṣọ́ kí ọdún rẹ̀ tó pé. Ibẹ̀ ni mo rò pé ọkùnrin yẹn ti jí “ìdajì” rẹ̀ gbé. Fún ìdigunjalè, òfin Texas ní ẹlẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ lo ìdajì ọdún rẹ̀ ní kíkún kí ìgbìmọ̀ tó lè wo fáìlì rẹ̀. Ìwà rere kò dín in kù. Ìdajì ogún jẹ́ mẹ́wàá, ó sì ti lo mẹ́fà. Ọjọ́ náà gan-an wà lórí ìkànnì TDCJ: ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ tàbí nọ́ńbà rẹ̀ sí i, ẹ ó rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ àyẹ̀wò ni o, kì í ṣe ọjọ́ ìtúsílẹ̀. Wọ́n lè kọ̀, kí wọ́n sún un síwájú fún ọdún mélòó kan.

Òfin Texas tún sọ pé ẹni tó bá máa gbowó láti ṣojú ẹlẹ́wọ̀n níwájú ìgbìmọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ ní Texas. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ ọkùnrin yẹn, kí ẹ wò ó lórí ìkànnì ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Texas. Ó dá mi lójú pé kò ní dá yín lóhùn mọ́.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ báyìí láìsan owó fún ẹnikẹ́ni. Fáìlì ni àwọn ìgbìmọ̀ máa ń kà jù, kálukú sì máa ń dìbò láyè ara rẹ̀ láìjókòó pọ̀, nítorí náà ìwé inú fáìlì yẹn ló máa sọ̀rọ̀ fún un. Kí mọ̀lẹ́bí tó wà ní Texas kọ lẹ́tà tó sọ ilé tó máa gbé, ẹni tó ni ilé náà, àti iṣẹ́ tó ń dúró dè é. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ tó ti ṣe níbẹ̀ tì í. Kó má gùn, kó má sì kún fún àdúrà. Ẹ rántí pé lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí òun fúnra rẹ̀ kì í dé ọwọ́ rẹ̀ mọ́: láti 2023, wọ́n ń yà á sórí ẹ̀rọ ní Dallas ni, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì ló ti ń kà á. Ẹ má fi ojúlówó ìwé kankan ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru, òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ yàrá ẹ̀wọ̀n Texas kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, ooru inú wọn sì máa ń kọjá ìwọ̀n 38 Celsius nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìlànà Texas kan náà ló ní kí àtìmọ́lé àwọn káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe rí) má kọjá nǹkan bíi 29, ṣùgbọ́n kò de ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2025, adájọ́ àpapọ̀ Robert Pitman sọ pé ooru yìí lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, síbẹ̀ kò pàṣẹ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilé aṣòfin kékeré Texas ti fọwọ́ sí àbá ẹ̀rọ amúlétutù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí kò sì di òfin. Bí àtúnṣe ṣe ń rí ní Amẹ́ríkà nìyẹn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Illinois fòpin sí owó béèlì ní 2023. Connecticut sọ ìpè ẹlẹ́wọ̀n di ọ̀fẹ́. Ní Texas, ẹ ṣì ń sanwó ìpè níṣẹ̀ẹ́jú-ìṣẹ̀ẹ́jú, àbúrò yín sì ń ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù, nítorí àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó fòpin sí oko ẹrú ní 1865 yọ ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n san owó iṣẹ́ wọn, kí ìgbìmọ̀ páróòlù sì máa rí ẹlẹ́wọ̀n lójú kí wọ́n tó dìbò lórí rẹ̀. Austin, olú ìlú Texas, ni wọ́n ti lè ṣe gbogbo ìyẹn.

Èmi kọ́ ni lọ́yà àbúrò yín o, n kò sì tíì rí ìwé ìdájọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé olè láìsí ohun ìjà ló wà nínú rẹ̀, ìṣirò mi á yí padà, nítorí náà ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ ní kóòtù. Ohun kan ṣì kù tí ẹ kò béèrè. Tí kò bá jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n máa fà á lé lọ́jọ́ tó bá jáde, láti dá a padà sílé. Tí ẹ bá ní owó tí ẹ fẹ́ ná, lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú ni kí ẹ ná an fún, ẹ má sì dúró di ọdún kẹwàá.