Àbúrò, má tíì buwọ́ lùwé yẹn o

O ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń gbé orin jáde fẹ́ san $9,000 owó sítúdíò fún àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ yín, pé kí ẹ ṣáà ti gbé másítà fún wọn, ìyẹn ojúlówó ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń tẹ gbogbo ẹ̀dà. Jọ̀ọ́, má tíì buwọ́ lù ú. Ojú mi ti rí i rí.

St. Louis ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, àwa márùn-ún la jọ ń kọ alt-country níbí, ìyẹn orin kántírì tí wọ́n pò mọ́ rọ́ọ̀kì, gìtá, bánjò, gòjé òyìnbó, èmi ń ta béèsì mo sì ń gbè. Lọ́dún 2012 ilé iṣẹ́ kan fún àwa náà ní $9,000, inú wa dùn débi pé a ò ka ìwé yẹn dópin. Àṣé gbèsè lowó ọ̀hún, inú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó àwo tó jẹ́ tiwa ni wọ́n á ti máa yọ ọ́. Ṣírò ẹ̀ wò: kí ìdá 15 tó di $9,000, àwo yẹn gbọ́dọ̀ pa $60,000 wọlé, àwa tá à ń kọrin nílé ọtí lálẹ́ Sátidé, ibo la ti fẹ́ rí i? A ò rí kọ́bọ̀. Nígbà tó yá ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, másítà dọwọ́ ẹnì kan tí kì í dáhùn ímeèlì, ìwé sì ní a ò gbọ́dọ̀ tún àwọn orin yẹn kọ sínú àwo mìíràn fún ọdún márùn-ún. Orin kan wà níbẹ̀ tí ọ̀gá tó ń léwájú orin wa kọ fún ìyá ẹ̀ tó kú, tá a bá ti kọ ọ́ tán àwọn èèyàn á wá bá a pé àwọn fẹ́ rà á, á ní kò sí. Mo máa ń wo ojú ẹ̀ nígbà yẹn. Ó burú gan-an.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi owó ńlá dẹ́rù bà yín. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó ń jẹ́ Uncle Tupelo, Belleville tó wà ní òdìkejì odò Mississippi sí wa níbí ni wọ́n ti wá, oṣù January 1990 ni wọ́n lọ ṣe àwo No Depression ní sítúdíò Fort Apache ní Boston, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, nǹkan bí $3,500, torí wọ́n ti kọ àwọn orin yẹn ní kíláàbù títí ó fi mọ́ wọn lára. Àwo yẹn lókìkí débi pé orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ magasíìnì kan ní 1995. Síbẹ̀ náà, ẹgbẹ́ ti tú ká láti 1994 kí wọ́n tó gbé ilé iṣẹ́ tó gbé àwo náà jáde lọ kóòtù lọ́dún 2000 lórí owó tí wọ́n ní àwọn ò rí gbà, kí àwo náà tó padà sọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ọdún márùn-ún wa pé, a wọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, máìkì méjì, ọjọ́ méjì, a dúró yí wọn ká a kọ gbogbo orin náà pa pọ̀, $1,100 péré. Ó sì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ní sítúdíò yẹn ṣe ni wọ́n ń ti ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ yàrá, tí kọ̀ǹpútà ń ta kọ́kọ́kọ́ sí wa létí kí a lè bá ìlù mu, ẹni tó ń ta gòjé wá ń ta bí ẹni ń ka ìwé.

Tó bá jẹ́ dandan kí ẹ gba owó wọn, ẹ fi másítà yá wọn lò fún ọdún mélòó kan, ẹ má tà á, kí ọjọ́ tó máa padà sọ́wọ́ yín wà nínú ìwé. Láàárín ara yín náà, ẹ kọ ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó wọ sítúdíò. Orin méjì tó jẹ́ ti ẹlòmíì tó o ní ẹ fẹ́ kọ, ìyẹn ò le: ní 2025, owó tí òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n san fún ẹni tó ni orin jẹ́ sẹ́ńtì 12.7 lórí ẹ̀dà kan fún orin tí ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ̀dà 300 ò tó $40 lórí orin kan.

Ya fọ́tò ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi ní ìnbọ́ọ̀sì lálẹ́ òní, kí o fi nǹkan bo orúkọ wọn, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ másítà àti ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ gbèsè ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kà.