Ìbéèrè Òǹkàwé: Kí ni wọ́n ń ṣe lọ́dún Imbolc?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, àwọn ẹlẹ́sìn Wicca, ẹ̀sìn ìbọ̀rìṣà òde òní kan láàárín àwọn òyìnbó, pe ọmọ mi tó wà ní Ireland síbi ọdún Imbolc. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ìyá kan, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlé ni ọdún náà, nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, tí wàrà sì ń dé ọmú àgùntàn tó lóyún. Ìdí nìyẹn tí wàrà kì í fi í wọ́n níbẹ̀. Wọ́n á gbálé, wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á sì fi koríko etí odò hun àgbélébùú Brigid, òrìṣà obìnrin tó ni iná, ewì àti iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọlọ́dún Ògún ní Oǹdó gbọ́. Wọ́n á ṣẹ́ koríko náà po lé ara wọn láàárín, wọ́n á so orí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á sì gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà. Kí ọmọ yín mú àbẹ́là tàbí búrẹ́dì dání lọ.