Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: ìdí tí ọlọ́gbọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ rìkíṣí àjẹsára gbọ́

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé mi wá. Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n kàwé jù mí lọ, àwọn gan-an ló kọ́ mi ní ìwé kíkà nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọmọ wọn obìnrin ti pé ọdún 11, ilé ìwé sì ní kí wọ́n fọwọ́ sí i kí wọ́n lè gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn alágbára ayé fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yàgàn ni, kí èèyàn lè dín kù láyé. Mo kó àlàyé rẹpẹtẹ jọ, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò gbé fóònù mi mọ́. Báwo ni ẹni tó gbọ́n tó báyìí ṣe ń gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́? Kí sì ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kúrò níbẹ̀. Látìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àwọn òbí tó ń kọ abẹ́rẹ́ tí mo ń bá pàdé kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń kàwé, tí wọ́n ń tọpinpin, tí wọ́n ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹni tó mọ nǹkan so pọ̀ dáadáa náà ló máa ń so èyí tí kò tan mọ́ra wọn.

Òwe wa kan ti sọ ọ́ tán: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí ọkàn wa ṣe ń ṣírò nìyẹn. Ohun tó ṣáájú ló fa ohun tó tẹ̀lé e. Lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tó fi mọ́ wa lára. Ṣùgbọ́n òru mélòó ni àjẹ́ ké tí ọmọ kankan ò kú? Ọmọ mélòó ló kú láìsí igbe kankan? Kò sẹ́ni tó ń ka ìyẹn.

Abẹ́rẹ́ tí ẹ̀gbọ́n yín ń sá fún yìí gan-an, wọ́n ti bá a fa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Japan. Ní oṣù kẹrin 2013, ìjọba ibẹ̀ fi í kún àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ọmọ déédéé. Kò ju oṣù méjì lọ, wọ́n dá ìpolongo rẹ̀ dúró, torí pé fídíò àwọn ọmọbìnrin tí ara ń ro, tí ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n tí wọn ò lè rìn, ti gba orí tẹlifíṣọ̀n. Iye àwọn tó ń gbà á ti tó nǹkan bí 70 nínú 100 tẹ́lẹ̀. Ó já wálẹ̀ títí kò fi pé 1 nínú 100. Ìrora àwọn ọmọ náà kì í ṣe irọ́ o. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè ni bóyá ó ń ṣe àwọn tí wọn ò gún lábẹ́rẹ́ náà. Ìlú Nagoya ló béèrè ní 2015. Ọ̀dọ́mọbìnrin bí 30,000 ló dáhùn nípa àmì àìsàn 24, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àti àwọn tí kò gbà á. Àìsàn náà kò pọ̀ lára àwọn tó gbà á ju ti àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, 2022 ni ìjọba tó padà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn òbí. Fídíò ọmọ kan tó ń sunkún ti wọlé sọ́kàn ná, nọ́ńbà kì í sì tètè lé e jáde.

Ọ̀rọ̀ kejì ni èyí tí àwa oníṣègùn kì í fẹ́ sọ: rìkíṣí tòótọ́ ti wáyé rí. Láti 1932 di 1972, ìjọba Amẹ́ríkà ń wo nǹkan bí 400 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní àrùn sífílíìsì ní Tuskegee níran. Wọn ò sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún wọn, wọn ò sì fún wọn ní pẹnisílíìnì kódà nígbà tó ti wà. Ní 1996, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan wò lára àwọn ọmọdé ní Kano nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà. Àwọn òbí ní àwọn ò mọ̀ pé àdánwò ni, ilé iṣẹ́ náà ní òun ò rú òfin, owó ni wọ́n fi parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ ọ̀hún ní 2009. Oògùn nìyẹn, kì í ṣe àjẹsára, àmọ́ ta ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀? Ní 2011, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA ti ìjọba Amẹ́ríkà fi àjẹsára àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ bojú ní Abbottabad, ní Pakistan, nígbà tí wọ́n ń wá Osama bin Laden. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ má ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá mú ẹyọ kan jáde, ìwọ̀nba tí ẹ sọ yòókù á di irọ́ lójú wọn.

Àwọn ìdí tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Ohun tí a bá gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá máa ń dún bí òtítọ́ ju ohun tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún rọrùn fún ọkàn láti gbà pé ìkà kan ló wà nídìí aburú ju pé aburú kàn dé lọ: ìkà ṣeé sá fún.

Ẹ wáá gbọ́ ibi tí ẹ ti ṣì í. Ìyá kan gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ mi nígbà kan, ó ní òun gbọ́ pé abẹ́rẹ́ eéyi ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Mo mọ orírun ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ìwé tí Andrew Wakefield, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1998 lórí ọmọ 12 péré, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn tó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ fagi lé ní 2010. Mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, mo to gbogbo ẹ̀rí sílẹ̀ láìmí. Ó dúpẹ́, ó lọ. N kò rí i mọ́. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí ohun tó jọ ọ́: àlàyé tí wọ́n ṣe fún àwọn òbí mú kí wọ́n gbà pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ àwọn tó ń kọminú tẹ́lẹ̀ wáá sọ pé ọkàn àwọn tún sá fún abẹ́rẹ́ ọ̀hún sí i. Ìbẹ̀rù ń wá ibòmíràn dúró sí ni. Ní tiyín, ẹ tún jẹ́ àbúrò. Ẹni tí wọ́n kọ́ ní A, B, D ló fi ìwé ránṣẹ́ pé wọn ò mọ̀wé.

Nítorí náà, ẹ lọ tọrọ àforíjì ná. Kì í ṣe lórí abẹ́rẹ́, lórí bí ẹ ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ni. Tí ara bá ti tù wọ́n, ẹ bi wọ́n: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń bà yín lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu mọ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n mọ ẹnì kan tí kò rọ́mọ bí. Ó lè jẹ́ pé ilé ìwòsàn kan ti fi ojú wọn gbolẹ̀ rí. Ohun tó bá jẹ́ òótọ́ nínú ohun tí wọ́n sọ, ẹ gbà á láìjanpata.

Tí wọ́n bá wáá gbà kí ẹ sọ tiyín, ẹ sọ ẹyọ kan. Èyí tí èmi yóò mú ni pé Australia ti ń gún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ yìí láti 2007. Àwọn ọmọ ọdún 12 ìgbà náà ti di ìyá ọmọ báyìí. Tí wọ́n bá fẹ́ sí i: ní England, jẹjẹrẹ náà fi 87 nínú 100 dín kù láàárín àwọn tí ètò náà bá ní ọmọ ọdún 12 sí 13. Ẹ sọ ìnira rẹ̀ pẹ̀lú, pé apá máa ń dùn wọ́n, òòyì sì lè kọ́ àwọn kan, kí wọ́n má baà rò pé ẹ fi nǹkan pamọ́.

Bí wọn ò bá tíì gbà, ẹ má fi ipá mú wọn. Ọdún 9 sí 14 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí wọ́n máa gún àwọn ọmọbìnrin. Ọmọ ọdún 11 lẹ pe ti ẹ̀gbọ́n yín.